Rẹsísítọ̀ wo ni mo máa fi sí LED lórí bátìrì 12 volt?

ỌmọLágere: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́ o, mo fẹ́ tan LED funfun mẹ́ta kéékèèké sí ṣọ́ọ̀bù màámi ní Lágere, Ifẹ̀, bátìrì 12 volt la ní, ẹnì kan ní kí n ṣáà so wọ́n mọ́ ọn tààrà. Ṣé kò ní jó báyìí?

Bàbá Wáyà: Á jó kẹ̀! LED funfun kan ń gba bíi 3 volt, kúrẹ́ǹtì rẹ̀, ìyẹn iná tó ń ṣàn gba inú rẹ̀, ò sì gbọ́dọ̀ ju 0.02 amp lọ. Yọ 3 kúrò nínú 12, ó ku 9, 9 yẹn ni rẹsísítọ̀, nǹkan kékeré tó ń dín kúrẹ́ǹtì kù, máa gbé. Fi 0.02 pín in, 450 ohm nìyẹn, ohm la fi ń wọn rẹsísítọ̀. 470 lo máa rí rà, ọ̀kan fún LED kọ̀ọ̀kan.

Òṣómàáló: Ẹ fẹ́ fi iná ṣòfò ni? To mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀lé ara wọn, kúrẹ́ǹtì kan náà ló máa gba inú wọn kọjá, volt ni wọ́n máa pín. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba 9 volt, ó ku 3, fi 0.02 pín in, 150 ohm ti tó. Àwa Ìjẹ̀ṣà mọ owó ṣọ́ jàre 😂

Bàbá Wáyà: Òótọ́ ni, àmọ́ tí sólà bá ń ṣáájì bátìrì yẹn lọ́wọ́, ó lè dé 14 volt. 5 ló máa wá kù, tẹ́ ẹ bá fi 150 pín in ó ti lé ní 0.03 amp, ìyẹn ti pọ̀ jù. 270 ni kó fi sí i.

ỌmọLágere: Sólà ló wà níbẹ̀ lóòótọ́ o, ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá wá so ó sódì ńkọ́?

Bàbá Wáyà: Kò ní tàn, ó sì lè bà á jẹ́. Ẹsẹ̀ LED tó gùn ni kó o so mọ́ ọ̀nà pọ́sítífù bátìrì.