Ẹ bá mi la ọ̀rọ̀ 2^1277 − 1 yé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ ìṣirò. Nọ́ńbà 2^1277 − 1 ló gbà mí lọ́kàn. Díjíìtì 385 ló ní. Ìdánwò Lucas-Lehmer, ìyẹn ìṣirò tí a fi ń mọ̀ bóyá irú nọ́ńbà báyìí jẹ́ prime (nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan ló pín in dọ́gba), ti fi hàn pé kì í ṣe prime, síbẹ̀ a kò tíì rí nọ́ńbà kankan tó pín in dọ́gba, yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀. Ìyẹn ṣì ń yà mí lẹ́nu gan-an.

Mo gbé ìdánwò náà wò lórí 2^11 − 1, ìyẹn 2047. Mo bẹ̀rẹ̀ láti 4; nígbà mẹ́sàn-án, mo fi nọ́ńbà tí mo ní sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, mo yọ 2 kúrò, mo sì mú ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí mo fi 2047 pín in. 1736 ló ṣẹ́kù níkẹyìn dípò 0 tí ìbá jẹ́ àmì prime. Lóòótọ́, 2047 jẹ́ 23 × 89, ṣùgbọ́n 1736 ò dárúkọ èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí àìjẹ́ 0 yẹn fi tó ẹ̀rí?