Géèmù ọkọ̀ òfurufú mi: ẹni tó bá kú lẹ́ẹ̀kan kì í lè dìde mọ́

Ayìnbọn16

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láìdá sí i; òní ni mo kọ́kọ́ la ẹnu.

Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń fi PICO-8, ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ṣe géèmù ọkọ̀ òfurufú kan, irú ti àtijọ́ tí ojú ọ̀run máa ń yí láti ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ sí ọwọ́ òsì, tí ọkọ̀ tìrẹ sì kọjú sí ọ̀tún tó ń yìnbọn lọ. Gradius, géèmù àtijọ́ ti ilé iṣẹ́ Konami, ni mo ń wò ṣe é, mi ò ní purọ́. Ọ̀pá agbára tó wà nísàlẹ̀ géèmù yẹn ló mú mi: o pa ọ̀wọ́ ọ̀tá kan tán, kóró kan jábọ́ lára wọn, o ṣa kóró náà, iná sún síwájú lórí ọ̀pá. Wàá wá pinnu fúnra rẹ, ṣé kí o tẹ bọ́tìnnì kí o gba eré sísá báyìí, àbí kí o mú sùúrù kí iná rìn dé orí Option, ìyẹn àwọn bọ́ọ̀lù iná tó máa ń tẹ̀ lé ọ lẹ́yìn tí wọ́n ń bá ọ yìnbọn. PICO-8 kò ní ju bọ́tìnnì méjì lọ yàtọ̀ sí ọfà mẹ́rin: ọ̀kan fún ìbọn, ọ̀kan fún ọ̀pá agbára. Ó ṣe gẹ́gẹ́.

Kí n tó dé orí ìbéèrè mi, ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣẹ̀sín díẹ̀. N kì í fi àmì ohùn sí orúkọ nínú kóòdù. Mo wá pe àtòkọ àwọn ọ̀tá ní `ota`. Nígbà tó yá, mo pe àtòkọ ọta ìbọn náà ní `ota`. Ìrọ̀lẹ́ méjì gbáko ni mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí ohunkóhun tó bá ti yọjú, ì báà ṣe ọ̀tá, ì báà ṣe ọta, ń bú gbàmù lójú ẹsẹ̀. Inú àtòkọ kan náà ni gbogbo wọn wà, nítorí náà kóòdù ń yẹ kálukú wò bóyá ọta kàn án, ó sì ń bá a pé ó kan ara rẹ̀. Mo ti sọ ọ̀tá di `ika` báyìí, àlàáfíà sì ti jọba.

Ìbéèrè mi rèé. Ní ìpele kejì, ẹni tó bá kú máa ń pàdánù gbogbo ohun tó ti kó jọ, eré sísá, mísáìlì, lésà, Option méjèèjì. Géèmù á wá dá a padà sí ibi àmì tó kọjá kẹ́yìn, ní ìhòòhò goloto, láàárín àwọn ọ̀tá tí mo ṣètò fún ẹni tó dira ogun. Mo fún èèyàn márùn-ún gbá. Kò sí ẹni tó rí ẹ̀yìn ìpele kejì. Mẹ́ta nínú wọn ní àwọn ò fara kan nǹkan kan káwọn tó kú. Ẹnì kan gbé páàdì sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní ìyà méjì lòun ń jẹ fún ẹ̀ṣẹ̀ kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí Gradius ti 1985 ti ṣe bẹ́ẹ̀? Àbí kí n máa dá ohun ìjà padà fún òkú? Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé bí mo bá dá a padà, ikú ò ní dun ẹnikẹ́ni mọ́.

Ohun tí ẹ lè fẹ́ mọ̀: ọkọ̀ mi jẹ́ píkísẹ́lì 16 níbùú, 8 lóròó (píkísẹ́lì ni àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán). Fírémù 60, ìyẹn àwòrán 60, ni mo ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọta àwọn ọ̀tá ń sáré píkísẹ́lì 3 ní fírémù kọ̀ọ̀kan. Ó funfun. Ìràwọ̀ náà funfun.

Alátakò_Ìrọ̀rùn

Má yí nǹkan kan padà o jàre. Gbogbo géèmù òde òní ló ń pọn èèyàn sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ rí òpin Gradius, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a láìkú. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo kú lábẹ́ òkè ayọnáyèéfín méjì tó wà níparí ìpele kìíní yẹn, tí òkúta ń rọ̀ bí òjò kí ọ̀gá ìpele tó yọjú. Kò sẹ́ni tó bá mi kẹ́dùn, mo sì mọ̀ ọ́n gbá nígbẹ̀yìn.

Bó bá le jù fún wọn, fi àṣírí kan pamọ́ sínú rẹ̀, bí Kazuhisa Hashimoto ti Konami ṣe ṣe nígbà tí wọ́n ń gbé Gradius lọ sórí Famicom, ẹ̀rọ géèmù Nintendo, ní 1986. Dá eré dúró, tẹ òkè òkè, ìsàlẹ̀ ìsàlẹ̀, òsì ọ̀tún òsì ọ̀tún, B, A, ohun ìjà kún ọwọ́ rẹ. Ẹni tó bá tijú kó má tẹ̀ ẹ́.

Ìyá_Ìràwọ̀

Alátakò, àpẹẹrẹ tó ń bá ọ jà lo mú wá. Kí ló dé tí Hashimoto fi ṣe àṣírí yẹn? Géèmù náà ló le jù fún un nígbà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ náà gan-an ni kò lè gbá a dópin.

Àbúrò mi Ayìnbọn, ìṣòro méjì lo dì pọ̀ sínú ẹrù kan. "Mi ò fara kan nǹkan kan" yàtọ̀ sí "ìyà méjì". Ti àkọ́kọ́ ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe, torí pé ikú téèyàn ò rí ìdí rẹ̀ ló ń bíni nínú jù.

Ojú ìwòran PICO-8 kò ju píkísẹ́lì 128 níbùú lọ. Ti Famicom jẹ́ 256. Ìdajì ilẹ̀ ni wọ́n fún ọ, ìwọ sì ń fi eré tó yẹ odidi ilẹ̀ yìnbọn. Wò ó báyìí: ká ní ọkọ̀ dúró sí 16 láti etí òsì, ọ̀tá wá yìnbọn láti etí ọ̀tún. Píkísẹ́lì 112 ló wà láàárín wọn. Ní 3 fún fírémù kan, ọta á dé lẹ́yìn fírémù 37 tàbí 38, kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín àkókò yẹn ni ojú máa rí ọta, tí ọwọ́ máa gbéra, tí ọkọ̀ tí kò tíì gba eré sísá máa wọ́ kúrò níbẹ̀. Sọ ọ́ di 1.5, á di fírémù 75, ẹni náà á lè mí. Bí o bá fẹ́ kó le, fi kún iye ọta, má fi kún eré wọn.

Ọta funfun lórí ìràwọ̀ funfun! Àbúrò, ta lo fẹ́ pa? Àwọ̀ 16 lo ní. Sọ ìràwọ̀ di àwọ̀ 1, búlúù tó dúdú yẹn, àti àwọ̀ 5, èyí tó dà bí eérú. Jẹ́ kí àwọn ti ọ̀nà jíjìn máa rọra rìn, kí ti tòsí máa yára, ojú á sì gbà pé ọ̀run jìn lóòótọ́. Fún ọta ọ̀tá ní àwọ̀ 14 àti 10, kó máa ṣẹ́jú láàárín méjèèjì, má sì fi wọ́n kun nǹkan mìíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, àpótí ìkọlù. Mo lè búra pé gbogbo 16 sí 8 yẹn ni kóòdù rẹ ń wò láti mọ̀ bóyá nǹkan kan ọkọ̀. Ṣùgbọ́n imú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Òfìfo ló wà lókè rẹ̀ àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọta gba inú òfìfo kọjá, ẹni náà kú. Ṣé wàá bá a wí tó bá ní nǹkan kan ò kan òun? Gé àpótí náà kù sí bíi 6 sí 3, kó wà ní ikùn ọkọ̀. Ti kóró agbára ni kí o fẹ̀ ju àwòrán rẹ̀ lọ. O ń rẹ́ wọn jẹ níbi tó ti máa ṣe wọ́n láǹfààní, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní ráhùn.

Ó wá ku ti ikú. R-Type tí Irem gbé jáde ní 1987 máa ń dá èèyàn padà sẹ́yìn ní ìhòòhò bákan náà, àmọ́ ìhòòhò tiwọn ní àdá lọ́wọ́. Tẹ bọ́tìnnì ìbọn mọ́lẹ̀, agbára á máa kún. Tú u sílẹ̀, ìtànṣán ńlá jáde. A kì í ṣa ìyẹn lójú ọ̀nà, ara ọkọ̀ ló wà, ikú ò rí i gbà. Ní Gradius, ìbọn wẹ́wẹ́ ló kù fún ọ, ọkọ̀ sì ń wọ́ bí ìgbín.

Ọ̀nà kejì ló wù mí jù, ti Salamander, ọdún 1986, Konami kan náà. Bí o bá kú, ibẹ̀ náà lo ti máa tún jáde. Àwọn Option rẹ á ṣì máa léfòó níbi tí o kú sí fún ìgbà díẹ̀, bí o bá tètè dé ọ̀dọ̀ wọn, tìrẹ ni wọ́n. Ìwọ ò dá nǹkan padà fún òkú, òun fúnra rẹ̀ ló ń sáré wọ inú ọta lọ gba ẹrù rẹ̀. Ìyẹn ò mú ikú rọrùn rárá o, àwọn èèyàn á tún kú níbi tí wọ́n ti ń ṣa ogún ara wọn!

Bí o bá sì fẹ́ fi ibi àmì sílẹ̀ ṣáá, kó ọ̀wọ́ ọ̀tá méjì tí kò lágbára síwájú rẹ̀ gan-an, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ju kóró kan sílẹ̀. Kí ìwọ náà wá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ láìní nǹkan kan lọ́wọ́, ìgbà mẹ́wàá. Má fi ohun ìjà gbá a nígbà tí o bá ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń ṣìṣe.

Kòsùnlóru

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ bíi pé Gradius ló bí gbogbo wọn. Defender ti 1981, iṣẹ́ Eugene Jarvis ní Williams, ọ̀nà méjèèjì lèèyàn lè fò sí níbẹ̀. Àwọn ọ̀tá á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa jí èèyàn gbé lórí ilẹ̀, wàá yìnbọn lu ajínigbé, wàá tún sáré gbá ẹni náà mú kó tó já lulẹ̀. Kò sí kóró kankan tí à ń ṣà. Ikú ò ní ohun ìjà tó máa gbà, síbẹ̀ ó ń dun ni wọra, torí àwọn èèyàn tí o fi sílẹ̀ nísàlẹ̀. Nítorí náà, Ayìnbọn, má rò pé ohun ìjà nìkan ló ń mú ikú níye lórí.

Nǹkan kékeré kan tún wà. Gradius III lórí Super Nintendo, bí nǹkan bá ti pọ̀ lójú ìwòran, eré á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Agbára ẹ̀rọ ni kò gbé e, kì í ṣe ọgbọ́n. Àmọ́ ó ti gbà mí lọ́wọ́ ikú lọ́pọ̀ ìgbà. Jí díẹ̀ níbẹ̀: bí ẹnì kan bá kú, mú gbogbo nǹkan falẹ̀ fún fírémù 30, kó fojú ara rẹ̀ rí ohun tó pa á.

Alátakò_Ìrọ̀rùn

Mo gbà ti àpótí ìkọlù àti ti àwọ̀. Ti ohun ìjà, mi ò gbà, mi ò sì ní gbà.

Ayìnbọn16

Ẹ ṣeun mà, Ìyá Ìràwọ̀. Ẹ̀yin yòókù náà, ẹ kú àdúrótì.

Mo ti ṣe é. Bó ṣe rí gan-an lẹ ṣe sọ ọ́, odidi 16 sí 8 ni mo ń wò. Mo ti gé e, mo dín eré ọta kù, mo ti yí àwọ̀ padà. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọ̀ nìkan ti yí géèmù náà padà kí n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ojú ara mi gan-an ni mo ti ń tàn láti oṣù mẹ́rin, torí pé mo ti mọ ibi tí ọta ń gbà kọjá lórí.

Mo mú ti Salamander. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ Option rẹ̀ ló ń kú. Ìwádìí ò pẹ́: inú `ika` ni mo ju àwọn Option tó ń léfòó sí. Mo ti ya àtòkọ tiwọn sọ́tọ̀, mo pè é ní `omo`, nítorí bí wọ́n ṣe ń tọ ọkọ̀ lẹ́yìn.

Mẹ́ta nínú àwọn márùn-ún yẹn ti tún un gbá. Méjì la ìpele kejì já. Ẹnì kẹta ni ẹni tó gbé páàdì sílẹ̀ lọ́jọ́sí. Ó kú, ó sáré tẹ̀ lé Option rẹ̀ wọ àárín ọta, ó tún kú, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n má gba páàdì lọ́wọ́ òun. Alátakò, mo ti fi òfin àtijọ́ síbẹ̀ fún irú yín, ẹ̀yin lẹ máa yàn án níbẹ̀rẹ̀ géèmù.

Ọ̀la ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìpele kẹta. Kò ní sí ọ̀tá púpọ̀ níbẹ̀, òkò lóríṣiríṣi ló máa ń fò bọ̀ láti iwájú.

Kòsùnlóru

Ìbéèrè kan. Kí lo pe ọkọ̀ nínú kóòdù?

Ayìnbọn16

`oko`.

Kòsùnlóru

Òkò ńkọ́?

Ayìnbọn16

Ẹ dúró, mò ń bọ̀.