Báwo ni mo ṣe lè gbọ́ ìdáhùn láti ẹnu aláboyún fúnra rẹ̀?

Ìbéèrè, nọ́ọ̀sì ní Gwagwalada:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà wa. Ẹ̀ka ìtọ́jú aláboyún ni mo wà, Háúsá tàbí Gbágyì sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá ń sọ. Bí mo bá bi aláboyún ní ìbéèrè, ọkọ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ ni yóò dáhùn, òun yóò sì tẹrí ba. Bí mo bá ní ṣé orí ń fọ́ ọ, ọkọ á ní ara rẹ̀ le. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí fífọ́ líle àti ojú tó ń ṣe bàìbàì lè jẹ́ àmì ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, ẹni tó ń ṣe ló sì mọ̀ ọ́n lára. Báwo ni mo ṣe lè gbọ́ tẹnu rẹ̀ láìtàbùkù àwọn tó bá a wá?

Nọ́ọ̀sì àgbà, Kàdúná:
Ọmọ mi, iṣẹ́ wa fúnra rẹ̀ ti la ọ̀nà sílẹ̀: aláboyún gbọ́dọ̀ gun òṣùwọ̀n, a sì gbọ́dọ̀ yẹ ikùn rẹ̀ wò lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Níbẹ̀ ni kí o ti bi í. Jókòó, kí i, "Sannu, ina kwana?", kí o sì fún un láyè. Má ṣe fi ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí ojú ń tì yóò yan èyí tí yóò tètè parí ọ̀rọ̀. Bi í bí ara rẹ̀ ti rí láti ìgbà tó ti wá kẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni kí o wá wádìí orí, bó ṣe ń ríran, ojú àti ọwọ́ tó ń wú, àti ìrora lábẹ́ egungun ìhà.

Agbẹ̀bí, Kánò:
Òótọ́ ni màmá sọ. Ní ti ògbufọ̀, ẹ má ṣe lo ọmọ tàbí ẹbí rẹ̀. Ẹ wá òṣìṣẹ́ obìnrin tó gbọ́ èdè náà dáadáa, kí ó túmọ̀ gbogbo ohun tí aláboyún bá sọ láìgé e kúrú, ṣùgbọ́n aláboyún ni kí ẹ máa wò. Bí ẹ bá béèrè àgbo bí ẹni tó ń dájọ́, wọn yóò sẹ́, ẹ ní, "Kí lẹ ti lò nílé kí ẹ tó wá?" Ẹ bi í fúnra rẹ̀ nípa oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà pẹ̀lú. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba oògùn tí wọ́n ń pè ní sulfa kò gbọdọ̀ lo Fansidar, oògùn ibà tó ní sulfa nínú; ọkọ sì lè má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nílé bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó fẹ́ra.

Nọ́ọ̀sì, Nyanya:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti ọkọ sẹ́yìn pátápátá. Òun ni yóò wá ọkọ̀ lóru bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára ìyàwó rẹ̀. Ẹ fún un ní ìbéèrè tirẹ̀: ta ni yóò gbé e wá, ta ni yóò fún un lẹ́jẹ̀ bí ó bá di dandan?

Nọ́ọ̀sì, Gwagwalada:
Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. Bí ọ̀rọ̀ aláboyún àti ti ọkọ rẹ̀ bá tako ara wọn ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì àgbà, Kàdúná:
Kọ méjèèjì sínú fáìlì, kí o sì kọ ẹni tó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ti aláboyún ni kí o tẹ̀ lé. Tún ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọ̀n. Bí ó bá tó 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pe dókítà kí ó tó kúrò níbẹ̀. Má sì tú ohun tó bá ọ sọ ní ìkọ̀kọ̀ fún ọkọ rẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.