Eyín àtọwọ́dá ìsàlẹ̀ tí kò dúró lẹ́nu, ẹ wá sọ tiyín

BísíOlómi: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Màámi ti lé ní 70, wọn ò ní eyín kankan mọ́, erìgì ìsàlẹ̀ ti pẹ́rẹsẹ̀. Wọ́n ṣe tòkè tìsàlẹ̀ fún wọn, tòkè dúró digbí, tìsàlẹ̀ ń fò sókè bí wọ́n bá ti la ẹnu. Ta ló ti rí irú ẹ̀?

Àkànbí_Ìbàdàn: Bàbá wa náà nìyẹn

DókítàEyín: Egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ máa ń yọ́ ju tòkè lọ, ó tó ìlọ́po 4. Tòkè rí àjà ẹnu lẹ̀ mọ́, tìsàlẹ̀ ò rí nǹkan kan, ahọ́n sì tún ń tì í. Mo máa ń ṣe tiréè (àwo tí a fi ń wọn ẹnu) tó jẹ́ ti aláìsàn náà nìkan, mo máa yọ́ gíríìnì-sítíìkì (nǹkan bí ìda tó ń rọ̀ tí iná bá rà á) sí etí ẹ̀, mo máa ní kí wọ́n yọ ahọ́n síta, kí wọ́n gbé itọ́ mì, kí etí tiréè náà lè mọ ibi tí ẹran ẹnu ń dé. Ẹni tó bá sáré ṣe é, ẹ máa padà wá ni.

Mọ́rẹ́nikẹ́: Sáré ṣe é kẹ̀! Tiwa, nǹkan píǹkì kan ni wọ́n rọ sẹ́nu wọn, ó gan, ó tán

Àkànbí_Ìbàdàn: Dókítà, tí bàbá bá gé nǹkan jẹ, ó máa ń ta wọ́n dé ètè bí iná mànàmáná

DókítàEyín: Iṣan tó ń jẹ́ kí ètè mọ nǹkan lára ló ti bọ́ sí òkè egungun, eyín àtọwọ́dá ń tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n gbẹ́ abẹ́ eyín náà díẹ̀ níbẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n ri irin 2 sínú egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ láti di eyín náà mú ló dáa jù, ohun táwọn dókítà sọ ní Montreal ní Kánádà ní 2002 nìyẹn.

Mọ́rẹ́nikẹ́: Owó irin ńkọ́? Montreal máa san án?

Tósìn77: Àǹtí mi fi súpágúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ra

BísíOlómi: Hà! Sẹ́nu???

DókítàEyín: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò!!

Àkànbí_Ìbàdàn: Bàbá ti yọ tiwọn sápò báyìí, erìgì ni wọ́n fi ń jẹ pọ́nmọ́

Tósìn77: Irọ́. Erìgì ò lè jẹ pọ́nmọ́

Àkànbí_Ìbàdàn: Wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé

Mọ́rẹ́nikẹ́: Pọ́nmọ́ wo gan-an? Ti Ìjẹ̀bú tó nípọn yẹn àbí èyí tó ti rọ̀ nínú ọbẹ̀?