Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi pépà ránṣẹ́ sí jọ́nà STS (ìmọ̀ nípa bí sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ ṣe ń bá àwùjọ lò) rí, kí lojú yín rí?

Àdùkẹ́PhD: Ẹ kú ọjọ́ o. Supervisor mi ní kí n fi pépà mi ránṣẹ́ sí Social Studies of Science, èyí tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti 1971 yẹn. Àyà mi ń já. Báwo ló ṣe rí fún yín?

Oníwèé: Gbàdúrà.

Ìyá Pépà: Kì í ṣe ibẹ̀ ni mo fi tèmi ránṣẹ́ sí o, jọ́nà míì ni, mi ò ní dárúkọ. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village ni mo kọ ọ́ lé lórí, bí wọ́n ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí bọ́ọ̀dù tó ti kú títí lẹ́ẹ̀dì á fi yọ́, wọ́n á yọ IC (ṣíìpù kékeré inú ẹ̀), wọ́n á gbé e sórí òmíì, mo jókòó tì wọ́n títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Jọ́nà ní kí àwọn reviewer kà á wò kí wọ́n tó gbà á. Reviewer kìíní ní ó dáa. Ìkejì ní tíọ́rì dà, kí n lọ ka Latour, ọ̀mọ̀wé ará Faransé tó lókìkí nínú STS. Mo ka Latour. Mo dá a padà, ó ní Latour ti wá pọ̀ jù. Kí wọ́n tó gbà á, ọ̀gá tí mo fi ìtàn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti kó lọ Kánádà.

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹjà: Àwọn tó ń tún fóònù ṣe ọ̀hún, èló ni wọ́n rí níbẹ̀?

Ìyá Pépà: Èmi gan-an, èló ni mo rí?

Bọ̀dá Físíìsì: Ẹ má bínú o, ṣé sáyẹ́ǹsì wá nìyẹn? Ẹ rántí 1996, Sokal tó jẹ́ onífísíìsì kọ ìsọkúsọ ránṣẹ́ sí jọ́nà Social Text, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ìyá Pépà: Jọ́nà STS kọ́ nìyẹn, wọn ò sì fún reviewer kankan kà.

Bọ̀dá Físíìsì: Àṣé reviewer kejì yẹn wúlò 😂

Ayọ̀_Masters: Èmi ni jọ́nà kan kọ "Esteemed Professor" sí ní ìdájí, wọ́n ní kí n san dọ́là, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n á tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Pépà: Sá! Engaging Science, Technology, and Society tí 4S, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ STS, ń tẹ̀ kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó kọ pépà, ọ̀fẹ́ sì ni kíkà ẹ̀.

Oníwèé: Àdùkẹ́, ka ohun tí de Laet àti Mol kọ sínú jọ́nà tìẹ yẹn ní 2000, lórí pọ́ńpù omi Zimbabwe. Nọ́ọ̀tì á bọ́ lára ẹ̀, omi á ṣì máa wá, àwọn ará abúlé ló ń fọwọ́ yí irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga ẹ̀. Inú pọ́ńpù yẹn ni wọ́n ti yọ tíọ́rì wọn.

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹjà: Ti àdúgbò wa, nọ́ọ̀tì ẹ̀ pé pérépéré, omi ni ò sí.

Bọ̀dá Físíìsì: Ẹ gba borehole, ẹ yé dá ìjọba lẹ́bi.

Ẹ̀gbọ́n Ìkẹjà: Ṣé ìwọ lo máa san án? Ìyá Pépà, ẹni tó lọ Kánádà yẹn, ta ló gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀? Ojú fóònù mi ti fọ́.

Ìyá Pépà: Wá inbox.