Ẹ gbà mí o, Python kọ̀ kò ṣí ní láàbù wa, HOD sì ti ń fi mí ṣẹ̀sín

Tísà Pólì: Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn kíákíá torí inú ń bí mi gan-an. Àwọn ọmọ ND ọdún kìíní ni mò ń kọ́ ní programming, bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń pariwo pé ká fi èdè QBasic sílẹ̀, ayé ti lọ, èdè Python ni gbogbo èèyàn ń lò. HOD, ìyẹn ọ̀gá ẹ̀ka wa, ní QBasic ni wọ́n fi kọ́ òun, ṣé òun ò wá dèèyàn ni. A fà á títí, ó ní ó dáa, kí n máa ṣe é, ṣùgbọ́n tó bá dojú rú kí n má wá bá òun. Ni mo bá fi dátà ara mi dáńlóòdù ẹ̀ (iléèwé ò ní dá kọ́bọ̀ padà fún mi o, kódà epo jẹnẹrétọ̀ àwa olùkọ́ la dáwó ẹ̀), mo gbé e dé láàbù lọ́jọ́ Ajé, gbogbo kọ̀ǹpútà ló kọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ti ń bi ChatGPT lórí fóònù. HOD yọjú lójú wíńdò, ó ní "Ọ̀gá Python, ẹ kú iṣẹ́ o." Ṣé kí n padà sí QBasic ni?

Ìyá Kọ́dà: "Ó kọ̀" kì í ṣe error sà. Kí ló kọ sójú kọ̀ǹpútà?

Bàbá Turbo: Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí ayé Turbo C++, tá a fi ń kọ kóòdù èdè C. Ojú búlúù yẹn, àwọn ọ̀rọ̀ inú kóòdù bíi conio.h, clrscr(), àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n lórí bí orin. Ìgbà tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà 64-bit dé ni Turbo ò ṣí mọ́, 16-bit lòun (bit yìí ni ìwọ̀n dátà tí kọ̀ǹpútà ń gbé lẹ́ẹ̀kan), Windows 64-bit kì í sì í gba 16-bit rárá. DOSBox, ètò tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà àtijọ́, ló yọ wá. Ní tèmi o, C ni kẹ́ ẹ kọ́ wọn, ọmọ tí ò mọ pointer, ohun tó ń tọ́ka sí ibi tí dátà wà nínú kọ̀ǹpútà, ò tíì mọ nǹkan kan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Bàbá, ẹ sinmi pointer ná. Tísà, kí ni QBasic ṣe yín? Torí àwọn tí ò mọ kọ̀ǹpútà rárá ni wọ́n ṣe dá BASIC, èdè tí QBasic ti jáde, sílẹ̀ ní iléèwé gíga Dartmouth ní Amẹ́ríkà ní 1964. Ẹ̀yin ń ní "ayé ti lọ", 1991 ni QBasic jáde, 1991 náà ni Python jáde.

Tísà Pólì: @Ọmọ Ìjẹ̀bú ẹ̀yin náà ti gbè sẹ́yìn HOD àbí? Ta ló ń gba èèyàn síṣẹ́ torí QBasic? Ó tún wá ń ṣí dáadáa níbẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ìyá Kọ́dà: Ẹ dúró ná. QBasic ń ṣí láìsí DOSBox? A jẹ́ pé 32-bit ni Windows yín, torí 16-bit ni QBasic náà bíi Turbo tí Bàbá sọ. Ẹ̀yin á sì ti gbé Python 64-bit lọ. Windows wo ni?

Tísà Pólì: Windows 7 ni, RAM ẹ̀ 2GB. Mi ò rò pé ìyẹn kan ọ̀rọ̀. Ó kọ pé èyí tí mo gbé wá ò bá Windows yẹn mu tàbí nǹkan báyẹn.

Ìyá Kọ́dà: Ẹ̀yin náà! Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Python 3.8 ló gba Windows 7 kẹ́yìn, láti 3.9 wọn ò gbà á mọ́. VS Code tuntun náà, tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Thonny ni kẹ́ ẹ wá, ibi tí wọ́n ti ń kọ Python ni, àwọn ará yunifásítì Tartu ní Estonia ló ṣe é fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Èyí tó ní Python 3.8 32-bit nínú wà, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ bá ti gbé e sórí fláàṣì. Ẹ kọ lúùpù for i in range(3), ẹ ṣí Variables tó ń fi iye inú kóòdù hàn, ẹ tẹ Ctrl+F5, ẹ wá máa tẹ F7, ọmọ á máa rí bí iye "i" ṣe ń yí padà, 0, 1, 2. Àwọn tèmi máa ń jà pé kí ló dé tí range(3) ò dé 3, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Turbo: DOSBox náà wà o.

Adé Frontend: Kí wọ́n lo Pydroid, áàpù Python, lórí fóònù, ó parí.

Tísà Pólì: Fóònù kẹ̀? ChatGPT ni wọ́n á ṣí. Ó dáa, màá wá Thonny yẹn. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ yá o, torí ìdánwò ti dé tán, HOD ló sì ṣètò ìbéèrè, QBasic ló wà níbẹ̀, orí pépà ni wọ́n máa kọ ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: HÁÀ! Ẹ̀ ń kọ́ wọn ní Python, QBasic ni wọ́n á bi wọ́n? Ìyẹn lẹ fi pamọ́ látàárọ̀?

Ìyá Kọ́dà: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ parí QBasic fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ yìí. Thonny di sẹ̀mẹ́sítà tó ń bọ̀.

Tísà Pólì: Kí HOD wá máa yọ̀ mí? Màá lọ bá a kó fi Python sí ìbéèrè kan ó kéré tán. Ta ló ní Thonny 32-bit lórí fláàṣì ní Ìbàdàn? Dátà mi ti tán.