Ọmọ mi kì í lè jókòó jẹ́jẹ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tómi (Òkè-Àró, Àkúrẹ́):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ ọdún 7 ni Tómi. Bí mo bá ní kó lọ mú ṣíbí wá ní kíṣìnì, yóò gbàgbé lọ́nà, ibi tó ti ń yí ọmọrí ìkòkò lórí sìmẹ́ǹtì ni mo máa bá a. Olùkọ́ rẹ̀ ní kì í parí iṣẹ́, á ti dáhùn kí wọ́n tó béèrè tán. Ìyá ọkọ mi ní ká gbé e lọ sórí òkè fún ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ mi ní pàṣán ló kù. Ẹnìkan ní ADHD ni, ìyẹn ìṣòro àìlè pọkàn pọ̀ àti àìlè jókòó jẹ́jẹ́. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Ìyá Ìbejì (Ìjàpọ̀):
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n nà án. Ẹ dín súìtì àti mínírà kù, sùgà ló ń gùn wọ́n.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá (Oǹdó):
Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, sùgà kọ́ ló ń fa ADHD, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àìkọ́mọ. Bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni, ó sì máa ń wà nínú ìdílé. Kí dókítà tó lè sọ pé òun ni, ìwà náà gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù 6 ó kéré tán, kó ti bẹ̀rẹ̀ kọ́mọ tó pé ọdún 12, kó sì hàn nílé àti níléèwé. Ìyá Tómi, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò. Ọmọ tí etí rẹ̀ wúwo, aláìgbọràn la máa ń pè é. Ẹ tún sọ fún wọn bó bá ń han-anrun lóru, nítorí ọmọ tí oorun ò tó kì í lè pọkàn pọ̀. Ẹ lọ rí dókítà àwọn ọmọdé ní UNIMEDTH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, ti Àkúrẹ́ sún mọ́ yín. Àdúrà ò burú, ṣùgbọ́n ẹ má febi pa ọmọ ọdún 7.

Bàbá Dámi:
Methylphenidate, oògùn ADHD, ni wọ́n fún ọmọ tèmi. Kì í wò ó sàn pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kó lè jókòó kàwé. Ó máa ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ lọ́sàn-án, nítorí náà ó máa ń jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà yó kó tó lò ó láàárọ̀. Wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ń yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ má dá a rà ní kẹ́mísì o!

Olùkọ́ Àdùkẹ́:
Ẹ ní kí wọ́n gbé e wá síwájú kíláàsì, kó jìnnà sí fèrèsé. Iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan: “Mú ìwé rẹ jáde.” Tó bá mú un, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tó sọ èkejì. Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọbìnrin náà: púpọ̀ nínú wọn kì í fò sókè sódò, wọ́n á kàn wojú fèrèsé, a ó ní ọ̀lẹ ni wọ́n.

Ìyá Tómi:
Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bá wa wo gbogbo wọn. Kí ni kí n mú dání?

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá:
Ẹ ní kí olùkọ́ rẹ̀ kọ ohun tó ń rí sílẹ̀, kí ẹ̀yin náà kọ tilé. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ àti ìwé èsì ìdánwò rẹ̀. Ẹ bẹ Bàbá Tómi kí wọ́n bá yín lọ, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà fúnra wọn.